Bóòtì Ẹ̀yìn Pikọ́ọ̀pù: Bí A Ṣe Ń Tú U àti Bí A Ṣe Ń Dè É Padà

Nígbà tí a parí kíláàsì, ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi mí pé, "Tíṣà, a ti mọ ìwé kà báyìí o. Kí ni ká máa wá kà?" Mo dáhùn pé kí ẹ máa ka ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ yín. Awakọ̀ wà nínú yín. Mẹkáníìkì wà nínú yín. Àgbẹ̀ tó ń fi pikọ́ọ̀pù kó ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, alájàpá tó ń háyà ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bóòtì ni a ó kà lónìí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bóòtì ní ìwé lára, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi dá sí ọ̀rọ̀ bóòtì, èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹfun àti pátákó nìkan ni irinṣẹ́ mi.

A ní pikọ́ọ̀pù kan tí a fi ń kó ìwé, pátákó àti bẹ́ǹṣì lọ sí àwọn abúlé tí a ti ń kọ́ àgbà níwèé. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ní ọdún 2022, ẹ̀rọ tó ń fa epo nínú táǹkì rẹ̀ kú. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n tú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ padà. Mo sanwó, mo dúpẹ́, a wa ọkọ̀ wa lọ. N kò wo abẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ wò ó, kí ni ǹ bá mọ̀?

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń dún gbàgà-gbàgà bí a bá bọ́ sí kòtò. Awakọ̀ wa ní, "Bàbá, ẹ̀yìn yìí ń sọ̀rọ̀ o." Mo ní, "Ẹrù ló ń dún." Bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí fún bí oṣù 3.

Ní ọjọ́ ọjà kan, àwọn ìyá 4 nínú kíláàsì wa bẹ̀ wá pé ká gbé àwọn àti àpò gàrí wọn. A gbé wọn sẹ́yìn. Kò yẹ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù kì í ṣe ibi ìjókòó èèyàn, mo gba ẹ̀bi náà. Bí a ṣe ń gun òkè kan tí àgbàrá ti ya ojú ọ̀nà rẹ̀, a gbọ́ gbì! Ẹ̀yìn ọkọ̀ fò sókè, ó sì sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Awakọ̀ rò pé táyà ló bọ́ sí kòtò, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ló fi ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀: "Awakọ̀, dúró! Dúró o! Epo ń rùn!"

Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, a rí i pé ọ̀fun táǹkì ti fà ya, bẹntiróòlù sì ń kán tó-tó-tó sílẹ̀. Kò tó 20 ìṣísẹ̀ sí ibẹ̀ tí obìnrin kan ti ń dín àkàrà lórí iná igi. A sọ àwọn ìyá kalẹ̀ kíákíá, a bẹ alákàrà pé kó pa iná rẹ̀, ó sì pa á. Ẹnì kankan kò fara pa. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà pọn ọmọ sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, títí di òní, bí mo bá rí ọmọ náà, ojú a máa tì mí.

Mẹkáníìkì tó wá bá wa níbẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó tẹ́ ọwọ́ sí mi, bóòtì kan tó já sí méjì ló wà nínú rẹ̀.

"Bàbá Tíṣà," ó ní, "ihò bóòtì 8 ló wà lórí ọkọ̀ yìí. Bóòtì 5 péré ni wọ́n fi síbẹ̀, 3 nínú rẹ̀ ló ti já. Ẹ wo orí èyí, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀."

Mo ní, "Nọ́ńbà wo, Ọ̀gá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ di tíṣà. Ohun tó kọ́ mi, àti ohun tí mo fi ojú ara mi rí nígbà tí a jọ tún ọkọ̀ náà ṣe, ni mo kọ síhìn-ín.

Ìdí tí ẹ̀yìn ọkọ̀ fi dá dúró

Lábẹ́ pikọ́ọ̀pù, irin gígùn 2 wà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn irin kéékèèké ló so wọ́n pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ wá dà bí àkàbà. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ṣásí. Òun ni egungun ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì jókòó lé e, yàrá awakọ̀ jókòó lé e, ibi tí à ń kó ẹrù sí náà jókòó lé e. Ibi tí à ń kó ẹrù sí yìí ni n ó máa pè ní bọ́dì ẹ̀yìn.

Ẹ lọ dúró ti pikọ́ọ̀pù kan, kí ẹ wo àárín yàrá awakọ̀ àti bọ́dì ẹ̀yìn. Ẹ ó rí àlàfo tóóró kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá ń gba ọ̀nà gbágungbàgun, ṣásí a máa lọ́ díẹ̀, bí igi tútù ṣe ń lọ́. Bí yàrá awakọ̀ àti bọ́dì ẹ̀yìn bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, páànù wọn yóò máa ya. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe Toyota Hilux, tó kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù ní 1968, bẹ́ẹ̀ náà ni Ford F-150 ti Amẹ́ríkà. Àwọn pikọ́ọ̀pù kan wà tí iwájú àti ẹ̀yìn wọn jẹ́ ara kan náà, bíi Honda Ridgeline àkọ́kọ́ tó jáde ní 2005. Bí ẹ kò bá rí àlàfo, ẹ má wá bóòtì kiri.

Bóòtì tó so bọ́dì ẹ̀yìn mọ́ ṣásí kì í pọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, 6 ni tàbí 8. Wọ́n a gba inú ilẹ̀ bọ́dì wọlé láti òkè, nọ́ọ̀tì wọn a sì wà nísàlẹ̀. Ẹ ronú sí i wò: ọkọ̀ kó tọ́ọ̀nù ẹrù kan, ó ń sáré, ó tẹ bíréèkì lójijì, ó sì jẹ́ pé bóòtì 8 tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ ló ní kí gbogbo rẹ̀ má ṣí kúrò.

Ohun tó ń mú wa tú wọn kò pọ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa epo, tó wà lórí táǹkì, tí ọwọ́ kò lè dé. Ó lè jẹ́ ṣásí tó sán tí wẹ́dà fẹ́ jó. Ó sì lè jẹ́ ìpáàrà tó ti jẹ abẹ́ bọ́dì. Àwọn mẹkáníìkì kan fẹ́ràn láti sọ táǹkì kalẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dípò kí wọ́n gbé bọ́dì. Bí táǹkì bá ṣófo, ọ̀nà náà dára. Bí epo bá kún inú rẹ̀, ní tèmi, ó sàn kí a gbé bọ́dì ju kí ènìyàn sùn sábẹ́ táǹkì tó kún.

Ìwé tó wà lórí bóòtì

Ẹ mú bóòtì ọkọ̀ kan, kí ẹ fi àkísà nu orí rẹ̀ dáadáa. Lórí púpọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí nọ́ńbà 2 tí àmì kan là láàárín: 8.8, tàbí 10.9. Bóòtì tí kò lágbára lè ní 4.6, tàbí kó má ní nǹkan kan rárá.

Nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ agbára irin náà. Ẹ fọkàn wo irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1, tí nínípọn rẹ̀ náà jẹ́ mílímítà 1. Kò nípọn ju òpó ìṣáná lọ. Ẹ mú nọ́ńbà àkọ́kọ́, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Iye kílò tí a lè so rọ̀ mọ́ irin náà kí ó tó já nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó pé tàbí ó lé díẹ̀. Nítorí náà, 8.8 a máa gbé bíi 80 kílò, ìyẹn odindi àgbàlagbà kan tó sanra. 10.9 a máa gbé bíi 100. 4.6 kò lè gbé ju bíi 40 lọ.

Nọ́ńbà kejì ń sọ ìgbà tí irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí nà, tí kò sì ní lè padà sí bó ṣe wà. 8 túmọ̀ sí 8 nínú 10. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: 8 nínú 10 lára 80 jẹ́ 64. Bí ẹrù bá ti kọjá 64 kílò, irin 8.8 yóò nà, kò ní padà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì já. Fún 4.6, 6 nínú 10 lára 40 jẹ́ 24. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: 64 àti 24! Bóòtì méjèèjì rí bákan náà lójú, wọ́n wọ ihò kan náà, sípánà kan náà ló ń yí wọn. Nọ́ńbà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà, ohun tí wọ́n bá tà fún un ni yóò rà.

Àwọn bóòtì Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ínǹṣì wọ̀n kò ní nọ́ńbà báyìí. Ìlà ni wọ́n fà sí wọn lórí. Ẹ ka ìlà náà, kí ẹ fi 2 kún un. Ìlà 3 jẹ́ ipele 5, ìlà 6 jẹ́ ipele 8. Ipele 8 lágbára ju 5 lọ.

Nọ́ńbà ara sípánà tún yàtọ̀ sí èyí. Òun ń sọ fífẹ̀ orí bóòtì ní mílímítà, láti ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ kan dé èkejì. Kì í sọ bí ara bóòtì ṣe nípọn tó. Lórí ọkọ̀ Jàpáànù, bóòtì tó nípọn tó mílímítà 10 sábà máa ń gba sípánà 14, èyí tó jẹ́ 12 a sì gba sípánà 17. Lórí ọkọ̀ àwọn ará Yúróòpù, bóòtì 10 a máa gba 16 tàbí 17. Ìdí nìyí tí sípánà 13 fi ń wúlò fún Peugeot, tí onímọ̀ Toyota sì lè má fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí orí bóòtì wọn ní ihò bí ìràwọ̀. Ford F-150 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Irin olórí ìràwọ̀ tó wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá fi èyí tó kéré sí i, ihò náà yóò di róbótó, wàhálà yóò sì dé.

Kí a tó fọwọ́ kan bóòtì

Ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí bóòtì máa ń kún fún iyẹ̀pẹ̀, sìmẹ́ńtì àti èérí. Bí wọ́n bá tẹ́ rọ́bà tàbí kápẹ́ẹ̀tì sínú bọ́dì, a ó kọ́kọ́ ká a kúrò. Ẹ fi ìṣó yọ ìdọ̀tí inú orí bóòtì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì náà, kí ẹ fọ eyín bóòtì tó yọ ní ìsàlẹ̀ nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì ta òróró tí ń tú ìpáàrà sí i. Ìsàlẹ̀ ni ìpáàrà wà. Òróró tí a bá dà sórí nìkan kì í sábà dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá ní òróró inú agolo tí wọ́n ń fín, dísù tàbí kẹrosíìnì yóò gbìyànjú. Bẹntiróòlù kọ́ o! Ẹ ta á ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tún ta á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, ní ìta gbangba. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Sìgá kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, iná ìdáná kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Ẹ gbé garawa iyanrìn tàbí ẹ̀rọ ìpaná sí àrọ́wọ́tó. Ẹ má gbójú lé omi: bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó lórí rẹ̀, yóò máa jó, omi yóò sì gbé iná náà kiri.

Lẹ́yìn èyí, bátìrì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìṣirò, ẹ wo orí rẹ̀: àmì ìròpọ̀ wà níbì kan, + nìyẹn, àmì ìyọkúrò wà níbì kejì, − nìyẹn. Èyí tó jẹ́ − ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Òun náà ni ẹ ó dè padà kẹ́yìn. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, − ni wọ́n so mọ́ ara irin ọkọ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tú +, tí sípánà yín sì ṣèèṣì kan irin ọkọ̀, iná yóò tàn páá.

Ẹ ṣí ìdérí epo díẹ̀ kí ooru inú táǹkì jáde. Ní ẹnu ibi tí à ń da epo sí, ẹ ó rí ìṣó oníyìí kéékèèké tó so ọ̀fun táǹkì mọ́ ara bọ́dì. Ẹ tú wọn kí ọ̀fun náà lè kúrò lára bọ́dì, kí ẹ sì dé ẹnu rẹ̀ padà kí iyẹ̀pẹ̀ má wọ̀ ọ́. Ẹ yọ wáyà iná ẹ̀yìn àti ti iná nọ́ńbà ọkọ̀. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ fi ìwé kékeré lẹ̀ ẹ́, kí ẹ kọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" sí i. Wáyà kan tún wà tó so irin bọ́dì mọ́ ṣásí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbàgbé rẹ̀, wọn a sì fà á já nígbà tí wọ́n bá ń gbé bọ́dì. Ẹ tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò pẹ̀lú, ẹrù kò yá ènìyàn lára.

Bí bóòtì bá kọ̀

Láti òkè, òsì ni à ń yí bóòtì láti tú u, ìyẹn òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Bí ẹ bá sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ń wò ó láti ìsàlẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ó ń lọ sí ọ̀tún. Èyí ti da ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ láàmú, tí wọ́n rò pé àwọn ń tú u, wọ́n ń dè é ni.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inú rẹ̀ ní igun 6 ni kí ẹ lò, kì í ṣe onígun 12, nítorí pé onígun 12 a máa jẹ igun orí bóòtì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Ẹ fi ọ̀pá gígùn sí i, kí ẹ fa á díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá mira, ẹ yí i díẹ̀ sí ibi tó ń le sí, kí ẹ tún yí i padà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Bí ó bá yí ìdajì, ẹ dúró, ẹ ta òróró sí i, ẹ yí i padà wọlé, kí ẹ tún yí i jáde. Bí bóòtì bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà tí ẹ ń yí i, ẹ má kánjú. Ìpáàrà ló ń fọ́.

Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ a máa bá bóòtì yí. Ilé irin kékeré tó dì í mú ló ti jẹrà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti fi sípánà tàbí gíríìpù di nọ́ọ̀tì náà mú. Ní ti ọkọ̀ wa, ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì náà wà lókè táǹkì, ọwọ́ ọ̀gá kò wọ ibẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù ló na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé tó dì í mú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ pé bí a bá fi iná gáàsì yán bóòtì, yóò tú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n táǹkì epo wà lábẹ́ bọ́dì ẹ̀yìn, nígbà mìíràn kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí bóòtì. Táǹkì tí epo rẹ̀ ti tán kò tíì bọ́ nínú ewu, torí ooru epo tó kù nínú rẹ̀ gan-an ni iná ń gbá mú. Ẹ̀rọ tí ń gé irin náà a máa ta iná. Bí ó bá di dandan pé ká gé bóòtì, ẹ sọ táǹkì kalẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà, kí ẹ tó tan ohunkóhun. Bí ọ̀gá kan bá sọ fún yín pé òun ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí nǹkan kan kò ṣe òun, ẹ ní kó kú orí ire, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Gbígbé

Bọ́dì ẹ̀yìn onírin lè tó 150 kílò, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò sìmẹ́ńtì 3 nìyẹn, bí a bá ka ọ̀kan sí 50 kílò. Ènìyàn 4 lè gbé e, ṣùgbọ́n 6 ló dára. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ. Ẹ gbé e sókè tààrà títí yóò fi kọjá ọ̀fun táǹkì, kí ẹ tó rìn sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ sí àárín bọ́dì àti ṣásí, àní bí ohun kan bá há síbẹ̀. Igi ni kí ẹ fi tì í. Ẹ gbé e kalẹ̀ sórí táyà ògbólógbòó 4. Mo ti rí àwọn tó fi ẹ̀wọ̀n so bọ́dì rọ̀ sórí ẹ̀ka máńgòrò, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Máńgòrò kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn.

Nígbà tí bọ́dì bá wà nílẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wo ṣásí. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ha ìpáàrà, ẹ kùn ún lọ́dà. Ẹ wo páìpù bíréèkì tó gba ibẹ̀ kọjá, ẹ wo ibi tí súpìríǹgì so rọ̀ sí. Ìgbà tí ẹ ó tún fi rí ibẹ̀ kedere báyìí lè pẹ́. Ẹ má sì wa ọkọ̀ náà jáde sí títì: kò ní iná ẹ̀yìn, kò ní iná bíréèkì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé ẹ fẹ́ dúró.

Dídè padà

Bóòtì tó ti nà, tó ti tẹ̀, tàbí tí eyín rẹ̀ ti jẹ, ẹ jù ú nù. Kí tuntun ní gígùn kan náà, nínípọn kan náà, àti nọ́ńbà kan náà lórí pẹ̀lú ti àtijọ́. Bó bá gùn jù, ó lè gún ohun tó wà nísàlẹ̀; bó bá kúrú, eyín rẹ̀ kò ní wọ nọ́ọ̀tì dé òpin. Wáṣà rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. Bí rọ́bà bá wà láàárín bọ́dì àti ṣásí, ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀yin tó ní F-150 láti ọdún 2015, alumíníọ̀mù ni bọ́dì yín. Ẹ má fi irin lásán rọ́pò bóòtì tí wọ́n kùn, torí irin àti alumíníọ̀mù nínú omi a máa fa kí ara wọn jẹrà.

Ẹ gbé bọ́dì padà jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan máa tọ́ ọ̀fun táǹkì sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà ìlà sí lábẹ́: ẹ fi ọwọ́ lásán, láìsí sípánà, yí gbogbo bóòtì wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ tó dè ẹyọ kan. Bí ẹ bá dè ọ̀kan le kí ìyókù tó wọlé, ihò tó kù kò ní ṣe déédéé, ẹnì kan yóò sì fi agbára tì í, eyín yóò jẹ. Bóyá ibẹ̀ ni àwọn tó tún ọkọ̀ wa ṣe ti kọ́kọ́ ṣìnà, tí wọ́n fi fi ihò 3 sílẹ̀.

Kí ẹ tó dè wọ́n le, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín yàrá awakọ̀ àti bọ́dì. Kó fẹ̀ bákan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ wá máa dè wọ́n díẹ̀díẹ̀: ọ̀kan níwájú lápá ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́yìn lápá òsì, kí ẹ máa fò láti ìhín dé ọ̀hún bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi le.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni yóò sọ ọ́. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀ tí lẹ́tà Nm tẹ̀ lé. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá di sípánà tó gùn ní mítà 1 mú ní ìbú, tí ẹ so ìwúwo 10 kílò rọ̀ sí òpin rẹ̀, agbára tó ń yí bóòtì náà jẹ́ bíi 100 Nm. Bí ìwúwo bá jẹ́ 5 kílò, bíi 50 ni. Bí sípánà bá kúrú sí ìdajì mítà, ẹ nílò ìlọ́po 2 ìwúwo náà. Sípánà oníwọ̀n wà tí yóò dún kẹ́ nígbà tó bá dé iye tí ẹ fẹ́. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ lè yá a lọ́wọ́ ọ̀gá tó ní in. Ìwé ọkọ̀ a máa sọ bóyá eyín bóòtì gbọ́dọ̀ gbẹ tàbí kó ní òróró. Ó ṣe pàtàkì, nítorí pé eyín tó ní gíríìsì a máa yọ̀, agbára kan náà yóò sì na bóòtì ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ dá ọ̀fun táǹkì, gbogbo wáyà, àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn padà. Bátìrì kẹ́yìn: + ṣáájú, − tẹ̀ lé e. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ẹlòmíràn dúró lẹ́yìn wo iná.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wa fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí bóòtì kọ̀ọ̀kan dé ara páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí bóòtì bá yí, ìlà náà yóò gé sí méjì, ojú yóò sì rí i. Lẹ́yìn náà, ó mú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ìwé kíláàsì wa gan-an, ó kọ ọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: "Bóòtì 8. Gbogbo rẹ̀ 8.8. Sípánà 17. Ká tún wò ó lẹ́yìn 100 kìlómítà."

A pé 100 kìlómítà ní ọjọ́ kẹfà. A gbé ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlà 7 ṣì ṣe déédéé. Ẹ̀kẹjọ, èyí tó wà lókè táǹkì, ti yí díẹ̀. Ó dè é, ó tún ìlà rẹ̀ fà, ó sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé.